Ìpayà Kọ́, Àìkárí Ẹ̀jẹ̀ Ni

Inú mi kò dùn rárá lọ́jọ́ tí mo ka ìwé pélébé kan tí a kọ fún àwọn nọ́ọ̀sì ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, tí mo rí i pé ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ pe ṣọ́ọ̀kì ní “ìpayà”, àfi bí ẹni pé ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti fà gbẹ, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí omi àmù, ejò ni ó rí tí àyà rẹ̀ fi já. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó sọ èyí kò wo ilé.

Èmi kì í bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Dókítà, nọ́ọ̀sì, dírípù àti ọ́síjìn ti di ọmọ ilé; pàjáwìrì pàápàá kò fẹ́ àtúnṣe. Ìlànà tí a fi ń mọ aláìsàn tí a ó kọ́kọ́ dá lóhùn, èyí tí àwọn Faransé fa orúkọ rẹ̀ yọ láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ṣíṣà, ìṣà-aláìsàn ni n ó pè é, nítorí a ń ṣà wọ́n bí a ti ń ṣa ẹ̀wà: nínú ètò ti Gúúsù Áfíríkà, alámì pupa, lójú ẹsẹ̀, alámì àwọ̀ ọsàn, kí ìṣẹ́jú 10 tó pé. Ẹni tí ó pè é ní “títò” gbàgbé pé ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni ìlà ń gbè.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì ni mo fẹ́ bá jókòó. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ èékánná ọmọ náà, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀: ó funfun, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kò tíì pọ́n padà. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ bí ó ti yẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò dé ọpọlọ àti kíndìnrín. Àwọn kan fẹ́ “àìtó ẹ̀jẹ̀”. Àìsàn mìíràn ti jẹ orúkọ náà. “Àìtó omi ara” ni mo bẹ̀rù jù, nítorí orúkọ náà ti pàṣẹ ìtọ́jú kí dókítà tó ronú. Omi ni ọmọ onígbẹ́ gbuuru ń fẹ́ lóòótọ́; ṣùgbọ́n ní 2011, ìwádìí FEAST, tí a ṣe lórí ọmọ 3,141 tí ibà líle kọlù ní Uganda, Kenya àti Tanzania, fi hàn pé láàárín wákàtí 48, ó lé ní 10 nínú 100 tí ó kú nínú àwọn tí a sáré da omi sí lára, nígbà tí ti àwọn tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún fi díẹ̀ lé ní 7.

Nítorí náà ni mo ṣe mú àìkárí ẹ̀jẹ̀ wá. Ká ni, orí ni, lójú tèmi: kí nǹkan yí gbogbo orí tí ó wà ní àwùjọ ká. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀rọ̀ ibi àsè ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà, nítorí oúnjẹ lè ṣàìkárí nítorí pé ó kéré, ó sì lè kún ìkòkò dẹ́nu kí ó má kárí, bí apá ẹni tí ń bù ú bá rọ. Bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣe nìyẹn, nígbà tí ọgbẹ́ bá tú u dànù, tàbí tí ọkàn kò lágbára láti tì í. Ọ̀rọ̀ náà kò dájọ́ èwo ni. Bí nọ́ọ̀sì bá sì ké sí dókítà pé, “Ẹ̀jẹ̀ ò kárí lára ọmọ yìí o!”, ìyá ọmọ tí ó dúró létí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìró ní ìbàdí yóò gbọ́ ohun tí wọ́n wí.