Àrokò Inú Sáfà

Ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó títí Kòsọ́kọ́ fi sá kúrò, Akítóyè sì padà sórí oyè ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Lẹ́yìn náà, Awùjalẹ̀ Ìjẹ̀bú ránṣẹ́ àlàáfíà sí i. Kò kọ lẹ́tà o. Àrokò ló fi ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́jọ wà lára rẹ̀, tí wọ́n so ní méjì-méjì mọ́ okùn. Ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n pín in sí dúró fún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé, àwọn ẹyọ tó kọjú síra wọn sì ń sọ pé ire ni ẹni tó ránṣẹ́ ń wá. J. A. Otunba Payne, akọ̀wé àgbà ilé-ẹjọ́ ní Èkó láyé ọjọ́un, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ìtumọ̀ irú àrokò bẹ́ẹ̀ dé orí ìwé.

Kò sí idán kankan nínú àrokò. Àdéhùn ni. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹyọ ránṣẹ́, tọ̀tún tòsì ti gbà pé bí ẹyọ méjì bá kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ni. Ẹyọ mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí Ìjẹ̀bú bá ní ìtumọ̀ tiẹ̀, tí Èkó náà ní tiẹ̀, ẹyọ lásán ni wọ́n á máa rù síra wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn kọ̀ǹpútà tí èmi ń bá ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní àdéhùn tiwọn.

Láti Ìga Ìdúngànrán, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Marina, níbi táwọn báǹkì kọ́ ilé gogoro sí. Nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, yàrá kan sábà máa ń wà tó tutù nini, tó ń pariwo bí ilé oyin. Ibẹ̀ ni sáfà ń gbé, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń dá fóònù wa lóhùn bá a bá fẹ́ fowó ránṣẹ́. Nínú sáfà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà kékeré mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní BMC. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ọlọ́dẹ. Kódà bí sáfà fúnra ẹ̀ bá ti kú, bí iná bá ṣáà ti dé ìdí ẹ̀, ọlọ́dẹ yìí wà lójúfò. Ó ń wo ìgbóná, ó ń ka bí fáànù ṣe ń yí, ó lè pa sáfà kó sì tún un tan. Bí sáfà bá dákú ní agogo méjì òru, tẹ́ ẹ sì wà nílé ní Ìkòròdú, ẹ ò nílò láti gun Third Mainland Bridge. Ẹ máa rán ọlọ́dẹ níṣẹ́ látorí lápútọ́ọ̀pù yín ni.

Ṣùgbọ́n èdè wo lẹ máa fi rán an? Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà nínú ẹ̀rọ ti wà tipẹ́. Philips ló ṣe I2C lọ́dún 1982: wáyà méjì péré, ọ̀kan ń gbé ọ̀rọ̀, èkejì ń lu ìlù tí wọ́n ń bá rìn. Ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pe nọ́ńbà ẹ̀ ló máa dáhùn. Ọdún 1995 ni Intel gbé SMBus jáde lórí ìpìlẹ̀ kan náà. Àmọ́ ọ̀nà kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sáfà, kálukú ló ń sọ ẹ̀ka èdè tiẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ra oríṣi mẹ́ta, ẹ máa kọ́ èdè mẹ́ta.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998, Intel, Dell, HP àti NEC gbé àdéhùn kan jáde tó ń jẹ́ IPMI. Láti ìgbà yẹn, "ara mi gbóná" di gbólóhùn kan náà lẹ́nu sáfà tó bá gbà á, yálà Dell ló ṣe é tàbí HP. Ẹ̀dà kejì ẹ̀ jáde lọ́dún 2004, ó sì gbilẹ̀ káàkiri ayé.

Ibi tó ti wá bà jẹ́ nìyí. Láyé àtijọ́, wọn kì í kó àrokò lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n fọkàn tán ló ń gbé e. IPMI ò fi bẹ́ẹ̀ ro ìyẹn. Nínú ẹ̀dà kejì, bí àlejò bá kàn dárúkọ ẹni tó láṣẹ, ọlọ́dẹ á kọ́kọ́ fi àbọ́pò password onítọ̀hún ránṣẹ́ sí i, kó tó mọ̀ bóyá òun gan-an ni. Àlejò lè gbé e lọ sílé, kó máa dán ọ̀rọ̀ wò lórí ẹ̀ títí ọwọ́ ẹ̀ á fi ba password gangan. Lọ́dún 2013, Dan Farmer, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, pariwo ọ̀rọ̀ yìí síta, ìjọba Amẹ́ríkà náà sì ṣe ìkìlọ̀. Àbùkù ọ̀hún wà nínú àdéhùn fúnra ẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá pa àdéhùn mọ́ dáadáa ló ní in.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Èkó gidi gan-an. Sáfà tòkúnbọ̀ pọ̀ lọ́jà wa. Bẹ́ ẹ bá rà á, ẹ lè nu díìsìkì ẹ̀ mọ́ tónítóní, kẹ́ ẹ fi Linux tuntun sí i. Ọlọ́dẹ ò mọ̀ pé ẹ ṣe nǹkan kan, torí ibi ìpamọ́ tiẹ̀ yàtọ̀. Password ẹni tó kọ́kọ́ ni ín lè ṣì wà níbẹ̀. Mo ti bá a pàdé rí ní ọ́fíìsì kan ní Erékùṣù: password tó bá ẹ̀rọ dé láti ilé-iṣẹ́ ló ṣì wà lórí ọlọ́dẹ, ìta gbangba íntánẹ́ẹ̀tì ló sì kọjú sí. Ilẹ̀kùn iwájú ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, ti ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Àtúnṣe ti ń dé. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ DMTF, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1992, gbé Redfish jáde lọ́dún 2015. HTTPS àti JSON ló ń lò, ohun tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ wẹ́ẹ̀bù mọ̀ bí ẹní mowó. Nínú sáfà níbẹ̀, àdéhùn mẹ́ta mìíràn tí wọ́n ṣe ń bára wọn rìn. MCTP ni ọ̀nà àti nọ́ńbà ilé. PLDM ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé gba ọ̀nà náà: bí ara ṣe gbóná tó, fọ́ọ̀mùwià tuntun rèé, gbà á. SPDM ló ń béèrè pé, "Ìwọ ta ni? Fi ẹ̀rí hàn mí." Ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n ní nínú òjíṣẹ́ láyé Akítóyè ni ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ wa kankan ò sí lára àwọn mẹ́rin tó gbé àdéhùn ọdún 1998 jáde. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè ka àkọsílẹ̀ DMTF lọ́fẹ̀ẹ́. OpenBMC, tó ti wà lábẹ́ Linux Foundation láti ọdún 2018, kóòdù ọlọ́dẹ ni gbangba-gbàǹgbà, ẹnikẹ́ni ló lè kà á, kó sì tún un ṣe. Ẹ wọlé síbẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó lọ, bí sáfà kan bá wà lábẹ́ ìtọ́jú yín, ẹ yẹ ọlọ́dẹ ẹ̀ wò lálẹ́ òní: ẹ pa password dà, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbangba, ẹ fún un ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tí ọlọ́dẹ ẹ̀ ń sọ, ẹlòmíì lè ti máa bá a sọ̀rọ̀.