Àpáàdì

Bí ìkòkò bá ti fọ́, orúkọ rẹ̀ yí padà: ó di àpáàdì. Àfọ́kù amọ̀ sísun ni, ṣùgbọ́n amọ̀kòkò kì í kó o dànù. Ó máa ń fi í bo ìkòkò tútù tó fẹ́ sun, kí ooru má baà tètè sá lọ. Òun náà ni àwọn ìyá wa fi ń fọn iná láti ilé aládùúgbò. Ẹ̀yin iná kò lè ṣe é ní nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa á lówe pé àpáàdì ló tó ko iná lójú. Iṣẹ́ rẹ̀ tó wú mi lórí jù wà ní Ilé-Ifẹ̀: wọ́n to àpáàdì ní ìdúró, wọ́n fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Ìtàn ní Lúwoo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ rẹ̀. Ó ti lé ní 500 ọdún, a ṣì ń rí i níbẹ̀.