Ọ̀wọ́, Elégbè àti Àwo: Orúkọ tó Yẹ Orin Ńlá

Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti gba orin 43 sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti pẹ́ tí ohùn Yorùbá ti wà lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, èdè wa kò sì ṣe aláìní orúkọ fún un: àwo ni, CD sì jogún orúkọ yẹn nígbà tó dé. Ohun tó wà nínú àwo gan-an ló ń fún wa ní wàhálà, pàápàá bó bá jẹ́ orin tí ẹgbẹ́ akọrin àti ọ̀pọ̀ ohun-èlò pawọ́ pọ̀ ṣe.

Ẹ wo Chaka, ópẹ́rà tí Akin Euba ṣẹ̀dá ní 1970 láti inú ewì Léopold Sédar Senghor, tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ ní Sẹ̀nẹ̀gà. City of Birmingham Touring Opera ló ṣe é sínú àwo, Simon Halsey ló darí wọn, àwo náà sì jáde ní 1999. Ohun-èlò òyìnbó wà níbẹ̀, ìlù ilẹ̀ wa wà níbẹ̀, fèrè atenteben ti Gánà ń dún, apohùn Yorùbá sì ń ké. Báwo ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ní Òṣogbo yóò ṣe júwe rẹ̀ fún ẹni tó jókòó sílé ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun?

“Ẹgbẹ́ olórin” ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pe àwọn tó ń lo ohun-èlò. Ọ̀rọ̀ yẹn gbòòrò jù. Ẹgbẹ́ jùjú pẹ̀lú ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìfọ́n fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju èyí lọ. Ìlú Òrìṣà Olúfọ́n ni, ìgbìn sì ni ìlù òrìṣà náà. Ìgbìn kì í ṣe ìlù kan ṣoṣo: ìyá-ńlá àti ìyá-gan wà níbẹ̀, keke àti afẹ́rẹ́ ń tẹ̀lé wọn, gbogbo wọn lápapọ̀ ló ń jẹ́ ọ̀wọ́ ìlù. Ní Ẹrìn-Ọ̀ṣun, tí kò jìnnà sí Ìlobùú, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀wọ́ dùndún àti ọ̀wọ́ bàtá wà lọ́wọ́ àwọn ìdílé àyàn. Ọ̀wọ́ ohun-èlò ló yẹ kí á máa wí. Tó bá ku ti okùn nìkan, ọ̀wọ́ olókùn ni. Ti afẹ́fẹ́, ọ̀wọ́ onífèrè.

Àwọn kan fẹ́ kí á pe ẹni tó dúró síwájú ọ̀wọ́ náà ní oníyàálù. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn ìlù ni oníyàálù fi ń darí: òun ló ń pe orin, òun ló ń sọ̀rọ̀ tí omele fi ń dáhùn. Halsey kò lu ohunkóhun, kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú àwo náà. Adarí ni. Àgbà nínú àwọn tó ń ta gòjé òyìnbó ló sún mọ́ oníyàálù jù.

Dùùrù ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá, dùùrù ni ohun-èlò olókùn tí Dáfídì ń ta. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, dùùrù ni èyí tí a ń tẹ̀, yálà ó ní fèrè gàgàrà nínú tàbí ó jẹ́ píánò. Ṣùgbọ́n Fẹlá Ṣówándé, ọ̀gá nídìí dùùrù ti ṣọ́ọ̀ṣì, ṣẹ̀dá African Suite ní 1944 fún ọ̀wọ́ olókùn àti dùùrù irú ti Dáfídì. Ẹni tó bá kọ “dùùrù” lásán sẹ́yìn àwo náà ti ṣi olùgbọ́ lọ́nà. Èrò tèmi ni pé kí á fi dùùrù sílẹ̀ fún ti ṣọ́ọ̀ṣì, kí píánò máa jẹ́ píánò, kí ti Dáfídì sì máa jẹ́ háàpù.

Lílé àti ègbè kò nílò àtúnṣe. Ọmọdé mọ̀ wọ́n. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ akọrin bá kọ ló jẹ́ ègbè. Nígbà tí tẹ́nọ̀ àti báàsì bá ń bá ọ̀nà tiwọn lọ, tí ẹnikẹ́ni kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, orin olóhùn púpọ̀ ni. Ẹ má wulẹ̀ túmọ̀ tẹ́nọ̀, ẹ má túmọ̀ kàńtátà: àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa ti sọ wọ́n di ti ilé, Ayọ̀ Bánkọ́lé náà sì ṣe kàńtátà fún FESTAC ní 1974, tó fi ohun-èlò ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó sí i.

Ó ku ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ àti ìgbàsílẹ̀ rẹ̀. African Suite jẹ́ iṣẹ́ kan tó ní abala márùn-ún. Trevor Harvey darí ìgbàsílẹ̀ kan fún Decca. Nínú ti Paul Freeman pẹ̀lú Chicago Sinfonietta, tó jáde ní 2000, abala mẹ́ta péré ló wà. Bí wọ́n bá gba orin sílẹ̀ níbi tí èrò ti ń wòran, ìgbàsílẹ̀ ojú agbo ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn onífújì àti onílù ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ẹ̀yìn àwo, ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa dárúkọ aṣẹ̀dá orin, adarí, ọ̀wọ́, ẹgbẹ́ akọrin àti ọdún ìgbàsílẹ̀ ní Yorùbá. Kí ẹ sì tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun kankan, ẹ kọ́kọ́ lọ bi àwọn àyàn Ẹrìn àti àwọn ọ̀gá akọrin Ìfọ́n àti Ìlobùú léèrè.