Ẹ̀kọ́ Àgbà Lórí Ọrọ̀-Ajé àti Ìṣèlú: Láti Longton Dé Ìbàdàn

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 1908, àwọn òṣìṣẹ́ kan péjọ ní Longton, ọ̀kan nínú àwọn ìlú Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń ṣe àwo àti ife tánganran. Wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀, àwọn amọ̀kòkò, awakùsà èédú, akọ̀wé àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ kékeré. Ẹni tó wá kọ́ wọn ni Richard Henry Tawney, ẹni ọdún 27, tó kàwé ní Balliol College ní Oxford. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Sátidé, ó tún bẹ̀rẹ̀ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ní Rochdale, nítòsí Manchester, láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ òwú. Ìtàn ọrọ̀-ajé ni wọ́n ní kó kọ́ àwọn. Àwọn ìbéèrè tó wà nínú ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe kékeré: báwo ni ilẹ̀ ṣe bọ́ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù? Kí ló dé tí owó iṣẹ́ fi rí bó ṣe rí? Ta ló fún ẹnì kan láṣẹ lórí ẹnì kejì?

Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ àgbà, n kò tíì rí àpẹẹrẹ tó dára ju kíláàsì méjèèjì yìí lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ni kíláàsì wọn. Àwọn ló yan ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́, àwọn ló yan akọ̀wé wọn, àwọn ló sì ń bá olùkọ́ jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Níbikíbi tí àṣà yìí bá ti dúró, ẹ̀kọ́ náà a máa yí ìlú padà. Ibi tó bá ti yẹ̀, kò pẹ́ rárá kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí.

Kì í ṣe pé kò sí irú ẹ̀ ṣáájú. Ní 1823, George Birkbeck àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní London, ọ̀pọ̀ ìlú sì tẹ̀ lé wọn. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, òfin wà pé kí ẹnikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ ìṣèlú tàbí ti ẹ̀sìn sílẹ̀. Ẹ wo irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀: òṣìṣẹ́ lè mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń yí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ béèrè ẹni tó ni ẹ̀rọ náà. Kò yani lẹ́nu pé àwọn òṣìṣẹ́ gan-an kò pẹ́ níbẹ̀, tí àwọn akọ̀wé àti àwọn ọmọ onílé-ọlọ́nà wá gba ibẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni James Stuart ti Cambridge dé. Láti 1867 ló ti ń rìn káàkiri àwọn ìlú àríwá, ó ń dá àwọn obìnrin lẹ́kọ̀ọ́ ní Leeds, Liverpool, Manchester àti Sheffield. Nígbà tó sì di 1873, Cambridge fọwọ́ sí i pé kí iṣẹ́ náà di ti yunifásítì. Stuart bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Rochdale ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Nígbà kan tó ń kánjú lọ lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó bẹ olùtọ́jú gbọ̀ngàn pé kó jẹ́ kí àwọn àwòrán tóun fi ń ṣàlàyé ṣì wà lára ògiri títí òun yóò fi padà wá. Nígbà tó padà dé lọ́sẹ̀ kejì, olùtọ́jú náà sọ fún un pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti dúró níwájú àwọn àwòrán wọ̀nyẹn, wọ́n ti bá ara wọn jiyàn lé wọn lórí, ìbéèrè sì ti pọ̀ lẹ́nu wọn. Láti ọjọ́ náà ni Stuart ti ń fi àkókò ìbéèrè àti ìjíròrò kún ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Rochdale ló fi ọ̀nà yẹn han yunifásítì, fúnra wọn.

Síbẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbogboogbò yìí ní àléébù. Èrò a máa kún gbọ̀ngàn, olùkọ́ a sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, kálukú a sì lọ sílé rẹ̀. Owó ìwọlé kò rọrùn fún òṣìṣẹ́. Ọkùnrin tó rí àléébù náà kedere ni Albert Mansbridge, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà, tó kúrò nílé ẹ̀kọ́ ní ọmọ ọdún 14, tó sì ṣiṣẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ní 1903, òun àti ìyàwó rẹ̀, Frances, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò so ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti yunifásítì pọ̀. Ṣílè méjì àti sísì, tí wọ́n yọ nínú owó oúnjẹ ilé, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Ní 1905, ó di Workers' Educational Association, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní WEA.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1907, wọ́n ṣe ìpàdé ńlá kan ní Oxford lórí ohun tí yunifásítì lè ṣe fún òṣìṣẹ́. Ìgbìmọ̀ tó ti inú rẹ̀ jáde ní ènìyàn 14: méje láti Oxford, méje láti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, wọn kò sì fá a lẹ́yìn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbìmọ̀ náà gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1908, ṣùgbọ́n Longton àti Rochdale kò dúró de ìwé kankan. Ní Rochdale, wọ́n ti kó ọgbọ̀n ènìyàn jọ tó ṣèlérí pé àwọn kò ní pa kíláàsì jẹ.

Ìlérí yẹn kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà, ọ̀sẹ̀ 24 lọ́dọọdún, wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan. Wákàtí kìíní jẹ́ ti olùkọ́, èkejì jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kálukú gbọ́dọ̀ mú àròkọ wá, yunifásítì sì ń fi àpótí ìwé ránṣẹ́ tí wọ́n ń yá láàárín ara wọn. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ti wà nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ látàárọ̀, tí iyàrá rẹ̀ kún fún ọmọ, tí wọ́n tún lè ní kó wá ṣiṣẹ́ àlé lálẹ́ ọjọ́ kíláàsì. Kò sí ìdánwò níparí rẹ̀. Kò sí ìwé ẹ̀rí, kò sí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀ wọ́n ń wá.

Wọn kì í sì gba ọ̀rọ̀ olùkọ́ bí ẹni gba oògùn. Bí Tawney bá ka ohun tí ìwé sọ nípa owó iṣẹ́ tàbí iye ọjà, ẹni kan á dìde tó ti bá ọ̀gá rẹ̀ dúnàádúrà lórí owó iṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà, á sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ń rí. Tawney gbà pé òun náà kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Nígbà tó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1912, lórí bí àwọn alágbára ṣe gba ilẹ̀ mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó dúpẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ, amọ̀kòkò, awakùsà àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí òun bá jiyàn. Mo ka ìdúpẹ́ yẹn sí ọ̀kan nínú àwọn ohun tó níyì jù lọ nínú ìtàn yìí. Olùkọ́ ń jẹ́wọ́ pé amọ̀kòkò tún èrò òun ṣe, lójú gbogbo ayé.

Àwọn ará Longton tún ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1911, àwọn tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sí abúlé àwọn awakùsà tó yí wọn ká; àwọn fúnra wọn di olùkọ́. Nígbà tí ogun yóò fi bẹ́ ní 1914, irú kíláàsì yìí ti lé ní 100 káàkiri ìlú Ọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ju 3,000 lọ.

Ṣùgbọ́n ìjà ńlá wà nílé. Ní Ruskin College, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní Oxford ní 1899, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń bínú pé ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń kọ́ àwọn jẹ́ ti àwọn ọ̀gá. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ Karl Marx ni kí wọ́n kọ́ àwọn. Ní 1909, nígbà tí wọ́n ní kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Dennis Hird, tó fara mọ́ wọn, máa lọ, wọ́n da ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Wọ́n dá Central Labour College sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn awakùsà Gúúsù Wales àti ti àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin sì gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ẹ̀sùn wọn sí WEA ni pé ẹni tó bá ń gba owó yunifásítì àti ti ìjọba kò lè kọ́ òṣìṣẹ́ bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ló ṣe ìlú láǹfààní. Láti inú Central Labour College ni Aneurin Bevan ti jáde, awakùsà tó di mínísítà, tó dá ètò ìlera ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Britain ní 1948. Láti ìhà WEA náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ní 1945 ló ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ará WEA ló mú ìtàn náà dé ọ̀dọ̀ wa. Arthur Creech Jones, tó di mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tí Britain ń ṣàkóso ní 1946, ti pẹ́ nínú iṣẹ́ WEA. Ṣáájú ìgbà náà, ó wà nínú ìgbìmọ̀ Elliot, tí ìjọba Britain gbé kalẹ̀ ní 1943 lórí ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó ṣojú Nàìjíríà nínú ìgbìmọ̀ yẹn ni Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ọ̀gá Abeokuta Grammar School.

Nílé Àlùfáà yìí gan-an, ẹ̀kọ́ àgbà mìíràn ti ń hù láìgba àṣẹ yunifásítì kankan. Fúnmiláyọ̀, ìyàwó rẹ̀, ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó mọ̀wé ní Abẹ́òkúta. Ní nǹkan bí 1944, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọjà ní ìwé kíkà. Bí wọ́n ti ń kọ́ ìwé ni àwọn ìyá ọjà ń sọ ohun tó ń dùn wọ́n: ìrẹsì tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé lọ́jà, àti owó orí tí obìnrin ń san lọ́tọ̀, láti ọmọ ọdún 15, láìní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Ní 1946, wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn di Abeokuta Women's Union. Wọ́n béèrè ìṣirò owó ìlú, wọ́n kọ̀wé, wọ́n jókòó sí ààfin. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó pe ìpàdé àwọn ìyá yìí ní kíláàsì ọrọ̀-ajé, ṣùgbọ́n owó orí, iye ọjà àti ẹ̀tọ́ aláṣẹ ni wọ́n fi kẹ́kọ̀ọ́, ohun kan náà tí àwọn ará Longton kọ́.

Ẹni tó gbé kíláàsì ti Oxford wá ni Thomas Hodgkin, akọ̀wé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àgbà ní Oxford láti 1945. Ní 1947, ó rin ìrìn àjò wá sí Gold Coast àti Nàìjíríà, Oxford sì rán àwọn olùkọ́ tẹ̀ lé e. Wọ́n dá University College Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àgbà tirẹ̀ ní 1949, Robert Gardiner, ọmọ Gold Coast tó mọ ọrọ̀-ajé dunjú, ni wọ́n fi ṣe olórí. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Ayọ̀ Ògúnṣẹ̀yẹ, onímọ̀ ọrọ̀-ajé pẹ̀lú. Àwọn olùkọ́ wọn ń lọ láti ìlú dé ìlú. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì ní Ẹdẹ, Ìlobùú àti Òṣogbo, iṣẹ́ ẹ̀ka yìí ló gbé e jáde láàárín ọgbà Ìbàdàn. Es'kia Mphahlele, òǹkọ̀wé ará Gúúsù Áfíríkà, náà kọ́ni níbẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú díẹ̀. Ní Longton, kò sí ìwé ẹ̀rí. Ní Nàìjíríà, akọ̀wé ìjọba tó ń kọ́ ọrọ̀-ajé àti ètò ìṣàkóso lálẹ́ mọ̀ pé bí òun bá yege nínú ìdánwò GCE, òun lè wọ yunifásítì tàbí kí wọ́n gbé òun ga. Ta ló lè bá a wí? Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ fi ẹ̀kọ́ àkàgboyè láti ilé gba oyè B.Com. ti London ní 1944. Ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ gíga há ju kí ẹnikẹ́ni kọ àǹfààní náà lọ. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni ìdánwò gba ipò ìjiyàn. Lónìí, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tó pọ̀ jù ní ìlú wa jẹ́ ti WAEC àti JAMB, àwọn ọmọdé ló sì ń lọ síbẹ̀. Britain náà kò mú un jẹ: láti 1992, òfin tuntun darí owó ìjọba sí ẹ̀kọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ kíláàsì bíi ti Tawney sì rọ. WEA ṣì wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi tìgbà náà.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àgbà ṣì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Èkó títí di òní. Ohun tí mo ń bẹ àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ni pé kí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún awakọ̀, télọ̀, ìyálọ́jà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yan ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́: ìdí tí owó náírà fi ń já wálẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀, ohun tí ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ nípa agbára gómìnà. Kí wákàtí kìíní jẹ́ ti olùkọ́, kí èkejì jẹ́ tiwọn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹ má sì dúró de yunifásítì: ẹ kó ọgbọ̀n ènìyàn jọ, kí ẹ lọ bá wọn pé ẹ fẹ́ olùkọ́.