Asofẹ́yẹjẹ àti Ìtọ́jú Wèrè

Igi kan wà nínú igbó ilẹ̀ wa tí àwọn baba wa sọ ní asofẹ́yẹjẹ, èyí tí í so èso fún ẹyẹ jẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn adáhunṣe fi ń tọ́jú wèrè. Ní tèmi, òkè òkun ni mo ti kọ́kọ́ ka ìtàn rẹ̀ nínú ìwé, kí n tó padà wá sílé wá mọ igi náà fúnra rẹ̀.

Àwọn ará Íńdíà ní ìbátan igi yìí, sarpagandha ni wọ́n ń pè é. Ní 1931, Sen àti Bose kọ̀wé pé ó wúlò fún wèrè àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní ìlú Basel yọ èròjà tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n pè é ní reserpine. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé ó wà nínú asofẹ́yẹjẹ pẹ̀lú. Ní 1960 ni Raymond Prince, dókítà ará Kánádà, kọ̀wé lórí bí àwọn adáhunṣe Nàìjíríà ti ń lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ibi tí ewu wà wò dáadáa. Reserpine a máa gbọ́n àwọn èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ dànù lẹ́nu iṣan. Ìdí nìyí tí ara wèrè fi ń rọlẹ̀ tí ó sì ń sùn. Ṣùgbọ́n agbára kan náà ni í mú ìfúnpá wálẹ̀, tí í dín ìlù ọkàn kù, tí í dí imú, tí ó sì lè fa ìbànújẹ́ tí kò nídìí. Àwọn dókítà òkè òkun kọ nípa irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960.

Ilé adáhunṣe ni wèrè ń gbé nígbà náà. N kò yin ṣẹkẹṣẹkẹ tí a fi ń dè é, àmọ́ ojú ẹni tí ó fún un lóògùn kì í kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí ó ra àgbo nínú ìgò lónìí kò ní irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀ títí òòyì yóò fi gbé e ṣubú. Bí ó bá ń lo digoxin fún àìsàn ọkàn, ọkàn rẹ̀ lè máa lù ségesège. Bí ó bá jẹ́ inú ọtí ni a rẹ gbòǹgbò náà sí, oorun á di méjì. Kò sì sí ohun tí ó wà lára ìgò náà tí yóò sọ iye reserpine inú rẹ̀ fún dókítà tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.