Etí Nìkan Kọ́ La Fi Ń Kọ́ Èdè

Ẹ̀yin ará wa ní Kano, àwọn ọmọ wa tó ń múra Ítálì ń bi wá pé, nínú àwọn ẹ̀kọ́ àfetígbọ́ yìí, èwo ló dáa? Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn wọn.

Linguaphone ló pẹ́ jù. Jacques Roston dá a sílẹ̀ ní London ní 1901. Ìwé á wà lọ́wọ́, ẹ̀rọ á máa sọ̀rọ̀, ìwọ á máa tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n èèyàn lè gbọ́ ọ tán kó má lè la ẹnu.

Ní 1967, Paul Pimsleur ará Amẹ́ríkà kọ̀wé pé ká tún ọ̀rọ̀ bi akẹ́kọ̀ọ́ kó tó gbàgbé rẹ̀, ká sì máa jẹ́ kí àlàfo rẹ̀ gùn sí i. Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé gírámà.

Michel Thomas, tí wọ́n bí ní Poland, gbé tirẹ̀ jáde ní 2000. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ń ṣàṣìṣe nínú rẹ̀, ó ń tún un ṣe. Ìwọ ni ẹ̀kẹta. Ó ń ṣàlàyé bí gbólóhùn ṣe ń tò, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò pọ̀.

Lójú tiwa, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Thomas, kí wọ́n fi Pimsleur tẹ̀ lé e. Ṣebí bí àwa náà ṣe gbọ́ Hausa nìyẹn? Oníbàárà á ní "Nawa ne?", a ó dáhùn, a ó ṣì í, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un ṣe. Ẹni tó bá dé ọ̀hún tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a ná owó iṣẹ́ rẹ̀.