Ẹ Bi Ìyá Ìkókó Léèrè Ara Rẹ̀



Ní ọdún 1961, Dókítà Adéoyè Lambo ti ilé ìwòsàn Aró, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, wọ àwọn abúlé ẹ̀bá Abẹ́òkúta. Wọ́n fẹ́ mọ àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn. Wọ́n rí i pé Yorùbá kò ní orúkọ kan pàtó fún ohun tí òyìnbó ń pè ní depression. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá béèrè àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àìrí oorun sùn àti ẹkún, àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n dáadáa. Orúkọ ni kò sí, àìsàn wà.

Ìbéèrè kan náà kò bá gbogbo èèyàn mu. Ìyá ìkókó wo ló ń sùn tó? Ọmọ ló ń jí i. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ní Edinburgh fi gbé ìbéèrè 10 jáde fún irú wọn ní 1987: wọ́n ń béèrè bóyá ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kó sùn, àti bóyá ó ṣì lè rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìdájọ́. Ó kàn ń fi ẹni tó yẹ kí dókítà rí hàn ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ kí ìyá ìkókó, ẹ má béèrè ọmọ nìkan. Ẹ bi í pé, "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?" Bí ìbànújẹ́ rẹ̀ bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Bó bá ní ikú yá ju ayé lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.